North Berwick pẹ̀lú ìbejì, Ìdòwú àti màmá tí orúnkún ń dùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds la wà, èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9, àti Ìdòwú, ọmọ ọdún 4. Ìyá ọkọ mi ti Abẹ́òkúta dé láti lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. A fẹ́ gbé mọ́tò lọ sí North Berwick ní Skọ́tílándì fún ọjọ́ méjì, ní ìparí August. Àwọn ìbejì ti rí ẹyẹ puffin nínú tẹlifíṣọ̀n, òun nìkan ni wọ́n ń sọ láti ìgbà náà. Kí ni ká ṣe, kí ni ká fò dá? Ṣé màmá máa rí nǹkan gbádùn níbẹ̀? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká náwó lásán. Èmi ni Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa dun àwọn ìbejì, ká lè bọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀: ní ìparí August, puffin ò sí ńlé. Orí erékùṣù ni wọ́n ti ń yé, inú ihò ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́mọ sí, láti nǹkan bí April títí wọ July. Tí ọmọ bá ti tó lọ, gbogbo wọn á kọrí sí agbami, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Puffin tí ẹ máa bá ní August ni ti orí kọ́ọ̀pù, ti orí tówẹ̀ẹ̀lì àti ti inú fídíò. Tó bá jẹ́ torí rẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ wá, ẹ sún ìrìnàjò náà sí ọ̀sẹ̀ ìsinmi tí àwọn ilé ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbà ní ìparí May. Àwọn ọmọ Skọ́tílándì kì í gba ọ̀sẹ̀ yẹn, torí náà èrò kì í pọ̀. Àmọ́ òtútù May létí òkun yẹn kì í ṣe ti màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé o.

Bó bá jẹ́ August náà ló rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ máa bọ̀. Àwọn ilé ìwé Skọ́tílándì ti máa ń wọlé padà láàárín oṣù náà, nígbà tí àwọn ọmọ tiyín ṣì wà nílé, ìyẹn sì dára fún yín. Ẹyẹ mìíràn wà níbẹ̀ tó ju puffin lọ lójú tèmi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ darí gbogbo ìrìnàjò yìí sí, kí ohun yòókù jẹ́ ẹ̀ní.

Ṣùgbọ́n ẹ dé ìlú náà ná. Berwick méjì ló wà. Berwick-upon-Tweed wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ààlà. North Berwick wà ní Skọ́tílándì, bíi máìlì 40 sí i níwájú. Lọ́dún kan, ìdílé kan tí mò ń dúró dè ní èbúté pè mí pé àwọn ti dé, àwọn ò rí mi. Mo ní kí ni wọ́n ń wò níwájú wọn. Wọ́n ní afárá gíga kan tí reluwé ń gbà sọdá odò. Àyà mi já. Kò sí afárá bẹ́ẹ̀ ní North Berwick. Wọ́n ti sọ̀ nínú reluwé ní Berwick kejì, ọ̀sán sì ti pọ́n. Nítorí náà, orúkọ méjèèjì pé pérépéré ni kí ẹ tẹ̀ sínú máàpù fóònù yín. Tí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ má pe W inú rẹ̀. Bẹ́ríìkì ni wọ́n ń pè é.

Láti Leeds, títì A1 lẹ máa bá lọ, bíi wákàtí mẹ́rin láìka ìdúró. Tí ẹ bá ti kọjá Dunbar, ẹ yà sí A198. Títì yìí kéré, oko ló wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀yin ẹ ṣáà ní kí àwọn ìbejì máa wo apá ọ̀tún. Lójijì ni òkúta kan máa yọ lórí omi, gàgàrà, ó dá dúró, orí rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n da ẹ̀kọ gbígbóná lé e lórí tó sì ń ṣàn sílẹ̀. Màmá tó jẹ́ ọmọ abẹ́ Olúmọ ló máa kọ́kọ́ bi yín pé òkúta kí nìyẹn.

Bass Rock ni. Òkè ayọnáyèéfín ni nígbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí iná rẹ̀ kú, ohun gbígbóná tó wà lọ́fun rẹ̀ dì, ó le koko. Yìnyín àti òkun wá jẹ ilẹ̀ tó rọ̀ ní àyíká rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ó wá ku ọ̀fun nìkan. Ó ga tó mítà 107. Funfun tí ẹ ń wò lórí rẹ̀, ẹyẹ ni, àti ìgbẹ́ ẹyẹ.

Gannet ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà. Tó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fẹ̀ tó mítà 1.8, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó gùn ju bàbá àwọn ìbejì lọ. Ara rẹ̀ funfun báláú, ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú bí ẹni tó ti í bọ tàdáwà, orí rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni fi epo pa á. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2014, ìtẹ́ tó lé ní 75,000 ni wọ́n rí lórí òkúta kan ṣoṣo yẹn, tọkọtaya sì ni ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi kankan láyé tí irú gannet yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kódà orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un, Morus bassanus, ara orúkọ Bass yìí ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ní 2022, àrùn bird flu wọ àárín wọn, ó sì pa wọ́n bí ẹni ń gbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi tún wọn kà lọ́dún 2023, ìtẹ́ tó kù lé díẹ̀ ní 51,000. Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ tó ya àwọn tó ń ṣọ́ wọn lẹ́nu: ojú gannet máa ń jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn kan tí àrùn náà mú tí wọn ò kú ti di dúdú. Tí ẹ bá rí gannet olójú dúdú, ẹni tó rí ikú tó yẹ̀ ẹ́ lẹ rí yẹn.

Ẹ tún sọ fún màmá pé láti bí October, òkúta náà á tú. Púpọ̀ nínú wọn á gba gúúsù lọ, àwọn mìíràn á sì dé òkun Mauritania àti Senegal kí òtútù tó tán níbí. Màmá nìkan kọ́ ló ń ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá wo ọmọ rẹ̀ ní ilẹ̀ òtútù.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi wá kàn. Èbúté North Berwick lẹ ti máa wọ̀ ọ́. Oríṣi méjì ló ń lọ: ọkọ̀ ńlá onídìí méjì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó máa ń yí Bass Rock àti erékùṣù Craigleith ká ní bíi wákàtí kan, àti ọkọ̀ kékeré onírọ́bà tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mi ò ní gbé ọmọ ọdún 4 sínú èyí kejì. Wọ́n tún ń kó àwọn kan lọ sókè orí òkúta náà gan-an, àmọ́ wákàtí púpọ̀ ni, ìgbẹ́ ẹyẹ sì ń mú ibi àtẹ̀gùn yọ̀. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn oníkámẹ́rà. Ti ọkọ̀ ńlá ni kí ẹ sanwó rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ tó kúrò ní Leeds.

Kí ẹ tó rí ojú ẹyẹ kan báyìí, òórùn ló máa kọ́kọ́ pàdé yín. Òórùn ẹja gbígbẹ tí òjò pa nínú àpò ni. Ìdòwú máa fọwọ́ dí imú. Lẹ́yìn náà ni ariwo: kàrà-kàrà-kàrà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọjọ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ owó tí ẹnìkejì pè. Ọkọ̀ á wá pa ẹ́ńjìnnì rọra lábẹ́ ògiri òkúta náà. Tí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ò ní rí ojú ọ̀run mọ́, ìyẹ́ ni.

Ẹ dúró de ìgbà tí ọ̀kan bá fẹ́ pẹja. Á dúró lókè bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Á da orí kodò. Á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀, nígbà tó bá sì ku díẹ̀ kó kan omi, á ká ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn títí yóò fi rí bí ọ̀kọ̀, ó di ìsàlẹ̀: pọ̀ọ́! Eré tó ń sá bọ̀ lè tó 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Táyé máa bi yín pé kí ló dé tí omi ò wọ̀ ọ́ nímú. Èsì rẹ̀ ni pé imú rẹ̀ ò ní ihò níta bíi ti ẹyẹ yòókù, afẹ́fẹ́ sì wà nínú àpò kéékèèké lábẹ́ awọ orí àti àyà rẹ̀, tó ń gba ìpa omi fún un bíi tìmùtìmù.

Àǹfààní August ni pé ẹ máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà. Ẹyin kan péré ni wọ́n ń yé lọ́dún. Ọmọ náà kì í funfun, ó dúdú, ó ní tótòtó funfun lára, á sì tó bí ọdún márùn-ún kó tó funfun tán bíi ti ìyá rẹ̀. Nígbà tí yóò fi kúrò nílé, ó ti sanra ju ẹni tó lè fò dáadáa. Á kàn bẹ́ sílẹ̀ láti orí àpáta sínú òkun, á wá máa wẹ̀ lọ sí gúúsù ní òun nìkan títí ara yóò fi fúyẹ́. Bàbá àti ìyá ò ní tẹ̀ lé e. Mo ti rí àwọn òbí tó sunkún lórí ọkọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ wọ yunifásítì.

Bí ọkọ̀ bá ń yí i ká, ẹ máa rí ilé iná atọ́nà ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1902, àti ògiri ilé olódi tó ti wó nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n nìyẹn nígbà kan. Ìtàn tí àwọn ìbejì máa gbádùn jù nìyí: ní 1691, àwọn ọ̀gágun mẹ́rin tí wọ́n fara mọ́ ọba James VII tí wọ́n lé kúrò lórí oyè wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde lọ já èédú nínú ọkọ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ilẹ̀kùn, wọ́n dojú ìbọn ńlá kọ àwọn ẹ̀ṣọ́, ilé di tiwọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó jáde, ní 1694, wọn ò sì jáde títí ìjọba fi gbà pé wọn ò ní fìyà jẹ wọ́n. Wọ́n ní nígbà tí àwọn aṣojú ìjọba wá, wáìnì ilẹ̀ Faransé tó dára ni wọ́n fi ṣe wọ́n lálejò, wọ́n sì fi kóòtù àti fìlà kọ́ orí ìbọn káàkiri orí ògiri kí wọ́n lè dà bí èrò púpọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù lọ nìyí: ẹ fi ọkọ̀ ojú omi sí ọjọ́ kìíní. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe olórí ní ìlú yẹn. Oòrùn lè ràn kankan kí ìgbì má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ jáde. Àwọn ọlọ́kọ̀ á pè yín, wọ́n á ní ó di ìgbà mìíràn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kejì lẹ fi sí, ìgbà mìíràn ò sí, ẹ ti ń padà sí Leeds. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹ ṣì ní ọ̀la láti bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ fún àwọn ọmọ ní búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, kí wọ́n má mu mílíìkì, kí ẹni tí òòyì bá ń kọ́ tẹjú mọ́ ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run. Ẹ wọ fìlà fún gbogbo ọmọ o. Ẹyẹ ò mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun.

Ní ti màmá, mi ò ní gbé e wọ ọkọ̀. Nígbà tí omi òkun bá fà, ibi tí ọkọ̀ wà jìn sísàlẹ̀ èbúté, àtẹ̀gùn rẹ̀ máa ń lọ́rinrin, ó pọ̀, orúnkún kò ní gbà. Inú Scottish Seabird Centre, ilé tí wọ́n ti ń wo ẹyẹ òkun, ni àyè rẹ̀, lẹ́bàá èbúté níbẹ̀. Láti 2000 ni wọ́n ti ṣí i. Wọ́n gbé kámẹ́rà sórí Bass Rock àti àwọn erékùṣù mìíràn, ẹni tó jókòó nínú ilé ló ń fi ọwọ́ yí i, á máa wo ìtẹ́ kan sí èkejì bí ẹni ń wo ojúlé ará àdúgbò. Ìyá àgbà kan tá a kó lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì wa dé ìdí kámẹ́rà yẹn ní aago méjìlá, kò gbé e fún ẹlòmíràn títí a fi padà. Ó ti sọ gannet kan ní ìyálé, ó ti sọ èkejì ní ìyàwó, ó ń bá wọn parí ìjà koríko tí wọ́n jí lára ìtẹ́ ara wọn. Wọ́n ní ilé oúnjẹ níbẹ̀, àga wà, ara ilé sì móoru. Ẹni kan yín dúró tì í, kí ẹ̀yin yòókù lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ni àwókù ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà, ti St Andrew. Ẹ ó rí i kí n tó wí. Ní 1590, ìjì bá ọba James VI àti ìyàwó rẹ̀ jà lójú omi nígbà tí wọ́n ń ti Denmark bọ̀, wọ́n wá ní àwọn àjẹ́ ló pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí láti rán ìjì náà sí i. Wọ́n fìyà jẹ àwọn èèyàn títí wọ́n fi jẹ́wọ́ ohun tí wọn ò ṣe. Agnes Sampson, agbẹ̀bí tó tún ń wo aláìsàn sàn, wà lára àwọn tí wọ́n pa, ní 1591. Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ ọdún 9 kù sọ́wọ́ yín. Fún màmá, ẹ sọ apá ti agbẹ̀bí dáadáa, kó má lọ máa da òróró sí ẹnu ọ̀nà.

Etí òkun: ìlú náà ní méjì, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn èbúté, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn. Èyí ti ìlà-oòrùn ni kí ẹ lọ, nítorí odò kékeré tí wọ́n fi ògiri yí ká sí orí iyanrìn. Òkun ló máa ń bò ó tó bá kún, tó bá fà, omi á ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ láìsí ìgbì, Ìdòwú á lè máa ta omi níbẹ̀ pẹ̀lú alákàn kéékèèké. Omi náà tutù. Mo tún un sọ: ó tutù, August ni o, July ni o. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára. Àwọn tiyín á wọ̀ ọ́ dé orúnkún, wọ́n á pariwo, wọ́n á jáde, wọ́n á tún wọ̀ ọ́. Ẹ mú tówẹ̀ẹ̀lì méjì-méjì dání fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo wákàtí tí òkun ń kún lórí fóònù kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà sí àárín òkúta, kí ẹ sì mọ̀ pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú omi, 999 lẹ máa pè, Coastguard, àwọn tó ń gba èèyàn là lójú òkun, lẹ máa ní ẹ ń wá.

Lẹ́yìn ìlú, òkè kan dúró bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. North Berwick Law ni, ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín lòun náà, mítà 187. Bàbá Ìbejì àti àwọn ìbejì nìkan ni kó gùn ún. Ìdajì wákàtí tó fún wọn láti dé òkè tí wọn ò bá sáré. Lórí ṣóńṣó rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbùùbùtán méjì dúró bí ilẹ̀kùn. Láti 1709 ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbùùbùtán ti wà níbẹ̀, bí ọ̀kan bá ti jẹrà wọ́n á fi òmíràn rọ́pò. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn di ewu, wọ́n gbé e kúrò ní 2005, wọ́n sì gbé oníke tó jọ ọ́ síbẹ̀ ní 2008. Ẹ má sọ ti oníke fún wọn kí wọ́n tó gun òkè tán. Àwọn ẹṣin kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ máa ń jẹko níbẹ̀, ẹ má fún wọn lóúnjẹ.

Ọjọ́ kejì, ẹ padà sí A198, bíi máìlì mẹ́ta sí ìlú, sí Tantallon. Ilé olódi ìdílé ìjòyè Douglas ni, láti nǹkan bí 1350. Kò ní ògiri ní gbogbo àyíká rẹ̀ o. Ẹnu àpáta ló wà, òkun ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ni wọ́n wá fi dí iwájú, ó nípọn ju mítà mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá dúró níwájú ògiri pupa yẹn máa mọ̀ pé ẹni tó kọ́ ọ ò fẹ́ràn àlejò. Ó jọ pé ọba méjì dó tì í, James IV ní 1491 àti James V ní 1528, kò wó. Àwọn ọmọ ogun Cromwell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ìbọn ńlá fọ́ ọ ní 1651, lẹ́yìn ọjọ́ 12. Màmá lè rìn lórí koríko dé iwájú ògiri náà, kó jókòó. Àtẹ̀gùn inú ilé gogoro kò ṣe é ṣe fún un. Ọwọ́ Ìdòwú kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ àgbàlagbà níbẹ̀, gegele ni ẹ̀yìn ilé. Ilé olódi mìíràn wà ní Dirleton, ọgbà òdòdó rẹ̀ dára, àmọ́ ẹ má sanwó méjì ní ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀kan, gbogbo ilé olódi ti máa jọ ara wọn lójú ọmọ ọdún 9. Tí ẹ bá ní káàdì English Heritage, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mú un dání, wọ́n máa ń gbà á rò.

Òjò ńkọ́? Òjò ni mo fi National Museum of Flight, ilé tí wọ́n kó ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ sí, pa mọ́ fún, ní East Fortune, tí kò jìnnà sí North Berwick. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ogun ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni R34, ọkọ̀ òfuurufú aláfẹ́fẹ́ tó gùn gbọọrọ, ti gbéra ní July 1919, tó fò lọ sí New York fún wákàtí 108, òun sì ni àkọ́kọ́ tó fò gba apá ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn kọjá Atlantic. Ohun tí àwọn ìbejì máa rántí ni Concorde tó wà nínú ilé ńlá níbẹ̀. Òun ló gbé èrò British Airways àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Concorde gbé, láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Bahrain ní January 1976. Wọ́n gé apá rẹ̀, wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó lè gbé e dé ibẹ̀ ní 2004. Ẹ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ máa rí i bó ṣe há, bí wíńdò rẹ̀ ṣe kéré bí àtẹ́lẹwọ́. Màmá tó gba wákàtí mẹ́fà láti Èkó máa gbádùn kó gbọ́ pé eléyìí ń sáré ní ìlọ́po méjì ìró ohùn, pẹ̀lú àga tó há ju tòun lọ.

Oúnjẹ. Ẹ di jọ̀lọ́ọ̀fù yín sínú fláàsì, kò sẹ́ni tó máa wò yín níran. Ṣùgbọ́n ẹ ra ẹja àti ṣíìpù lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ salt and sauce. Sọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe kẹ́ṣọ́ọ̀pù, omi dúdú kíkan kan ni, àwọn ará ìlà-oòrùn Skọ́tílándì ò lè jẹ ṣíìpù láìsí i. Màmá máa ní ata ni wọ́n gbàgbé, torí náà ẹ mú ata gbígbẹ dání. Wọ́n tún ń sun lobster ní èbúté ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, edé ńlá tí ọ̀kan ṣoṣo kún abọ́. Ó wọ́n. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín pín ọ̀kan jẹ nígbà tí àwọn ọmọ ń jẹ áìsìkiriìmù. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa jẹun o: ẹyẹ gull ń wo yín láti orí òrùlé. Ó gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ mi rí, odindi, tòun tewé.

Owó wá ńkọ́? Iyanrìn, òkè, èbúté àti àwókù ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ̀ ojú omi ló máa jẹ owó jù, mo sì rò pé òun ló tọ́ sí i jù. Ilé ẹyẹ, Tantallon àti ilé ọkọ̀ òfuurufú ń gba owó. Tí ojú ọjọ́ bá dára, ẹ fò ti ìkẹyìn dá. Ọ̀rẹ́ yín kan lè sọ pé bọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọdé ní Skọ́tílándì. Lóòótọ́ ni, títí ọmọ ọdún 21, àmọ́ ti àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ni, pẹ̀lú káàdì wọn. Ẹ má sun Edinburgh: August ni ọdún eré wọn, òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á gbé owó yín mì. Ẹ wá ilé ní Dunbar tàbí Haddington. Ní North Berwick fúnra rẹ̀, ibi tí ẹ máa gbọ́kọ̀ sí máa ń há tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, ẹ dé kí aago mẹ́wàá tó lù.

Súwẹ́tà, ẹ̀wù òjò, ìbọ̀sẹ̀ fún màmá. Kùrukùru kan wà tí wọ́n ń pè ní haar, ó máa ń ti òkun wọlé ní ọ̀sán tó mú oòrùn, iṣẹ́jú díẹ̀ ni, Bass Rock á pòórá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ẹ mu tíì, ẹ dúró. Ó lè kúrò.

Bí afẹ́fẹ́ bá sì kọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì, tí ọkọ̀ ò jáde rárá, ẹ padà sí Tantallon ní ìrọ̀lẹ́. Òdìkejì Bass Rock gẹ́lẹ́ ló wà. Ẹ jókòó ti màmá sí ibi tí afẹ́fẹ́ ò dé, lẹ́yìn ògiri, kí ẹ yá àwọn ìbejì ní awò tí ń mú ohun jíjìn súnmọ́ ni. Àwọn gannet tó lọ wá oúnjẹ á máa tò bọ̀ lórí omi, márùn-ún, méje, mẹ́sàn-án, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, gbogbo wọn ń lọ sùn sórí òkúta kan ṣoṣo yẹn. Ẹ ní kí Kẹ́hìndé máa kà wọ́n.